Alùpùpù lórí òkè Ẹ̀fọ̀n àti Òkèmẹ̀sí: báwo lẹ ṣe ń sọ̀kalẹ̀ láìṣubú?

Nọ́ọ̀sì_Abúlé

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Òṣìṣẹ́ ìlera ni mí. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé mi wá sí apá Òkèmẹ̀sí, ní ìpínlẹ̀ Èkìtì, iṣẹ́ mi sì ni láti máa gbé abẹ́rẹ́ àjẹsára lọ fún àwọn ọmọ ní àwọn abà tó wà lẹ́yìn òkè, níbi tí mọ́tò kì í dé. Ìlú Ọ̀yọ́ ni mo ti kọ́ alùpùpù, ilẹ̀ ibẹ̀ sì tẹ́jú. Bajaj Boxer ni wọ́n fún mi. Mo máa ń de àpótí òtútù tí abẹ́rẹ́ wà nínú rẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn.

Gígun òkè kò já mi láyà púpọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Boxer náà máa ń kérora díẹ̀. Sísọ̀kalẹ̀ ni. Kò sí ọ̀dà lójú ọ̀nà náà: ilẹ̀ pupa ni, òkúta wẹẹrẹ kún un, ọ̀gbàrà sì ti gbẹ́ àárín rẹ̀ níbi púpọ̀. Bí mo bá ń sọ̀, bíréèkì ẹ̀yìn ni mo máa ń tẹ̀ mọ́lẹ̀ títí. Tó bá ṣe díẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í rùn, n óò tẹ̀ ẹ́ tán kò ní mú mọ́. Àwọn ọlọ́kadà kan níbí ní kí n máa pa ẹ́ńjìnnì lórí ìsọ̀kalẹ̀, kí ó máa yí lọ fúnra rẹ̀, pé epo kò ní tètè tán. Wọ́n tún ní n kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan bíréèkì iwájú láéláé. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni? Ẹ̀yin tí ẹ mọ irú ọ̀nà báyìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá mi lóhùn kí òjò tó dé.

Àgbà_Ìdànrè

Nọ́ọ̀sì, ẹ kú iṣẹ́ o. Iṣẹ́ tí ẹ ń ṣe yẹn, Ọlọ́run á máa ṣọ́ yín lórí ẹ̀. Ìdànrè ni mo ti ń gun ọ̀kadà, kòkó ni mo sì máa ń kó jáde láti inú oko, nítorí náà mo mọ ohun tí ẹ ń sọ.

Ẹni tó ní kí ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ má dá a lóhùn. Ẹ́ńjìnnì gan-an ni bíréèkì àkọ́kọ́. Nígbà tí ẹ bá ṣì wà lórí pẹrẹsẹ, kí ọ̀nà tó dà, ẹ ti fi í sí jíà kejì. Tí ibẹ̀ bá dà jù, jíà kínní. Jíà tí ẹ̀ bá fi gun òkè yẹn ni kí ẹ fi sọ̀ ọ́. Ẹ tú ọwọ́ iná, èyí tí ẹ fi ń mú un sáré, sílẹ̀ pátápátá, ẹ má sì fún kílọ́ọ̀ṣì mú. Ẹ óò gbọ́ tí ẹ́ńjìnnì á máa han, kò ṣe é ní nǹkan kan, òun ló ń fà á sẹ́yìn yẹn. Bíréèkì á wá di ohun tí ẹ ń fi ṣe ìrànlọ́wọ́ fún un. Ẹ tẹ̀ ẹ́, ẹ tú u, ẹ tún tẹ̀ ẹ́. Ẹ má fi ẹsẹ̀ sùn lórí rẹ̀.

Ti bíréèkì iwájú, òótọ́ ni wọ́n sọ. Lórí òkúta wẹẹrẹ, yóò gbé yín lulẹ̀ kí ẹ tó mọ̀. Èmi kì í fọwọ́ kàn án.

Mẹkáníìkì_Iléṣà

Bàbá, mo kí yín o. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ti jíà. Ṣùgbọ́n ti bíréèkì iwájú yìí, ẹ jọ̀ọ́ sà, n kò lè gbà.

Nígbà tí alùpùpù bá dorí kọ ìsàlẹ̀, gbogbo ẹrù, àti ẹni tó gùn ún, orí táyà iwájú ni wọ́n ń tẹ̀ sí. Ti ẹ̀yìn á fúyẹ́. Ohun tó fà á nìyẹn tí ti ẹ̀yìn fi máa ń há tí yóò sì máa fà gbọrọrọ lórí òkúta, tí ìdí alùpùpù á máa jù síhìn-ín sọ́hùn-ún. Ẹni tó bá fi ti ẹ̀yìn nìkan sọ òkè Ẹ̀fọ̀n, ìdajì agbára bíréèkì tó ní kọ́ ló ń lò, kò tó bẹ́ẹ̀.

Ohun tó ń gbé èèyàn ṣubú ni fífà á lójijì, tàbí fífà á nígbà tí ọwọ́ bá yí sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ìka méjì ni kí ẹ gbé lé e, ẹ máa fún un díẹ̀díẹ̀, kí alùpùpù wà lóòró, kí ọwọ́ sì wà ní títọ́. Ẹ ti dín eré kù kí ẹ tó dé kọ́nà. Inú kọ́nà fúnra rẹ̀, ẹ tú u sílẹ̀.

Ti òórùn tí ẹ ń gbọ́: bíréèkì Boxer tí mo mọ̀ jù níbí, oní-dúrọ́ọ̀mù ni níwájú àti lẹ́yìn. Inú ibi tó dé ni ṣúù ti ń fi ara gbo irin. Tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ láìtú u, ooru kò ríbi jáde, dúrọ́ọ̀mù á gbóná, á fẹ̀, ṣúù náà á sì máa yọ̀. Kò tíì bàjẹ́ o. Ẹ dúró síbi tó tẹ́jú, kí ó tutù fúnra rẹ̀. Ẹ má da omi sí i, irin gbígbóná tí omi tútù bá bà lè sán. Tó bá tutù tán tí kò sì mú bíi ti tẹ́lẹ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n tú u wò. Ojú ṣúù lè ti jó, kí ó máa dán bíi gíláàsì.

Ọmọ_Ìjerò

Ẹ fi àwọn ọlọ́kadà sílẹ̀ o. Láti ìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ lórí epo ní 2023, èwo nínú wa ló lè máa fi epo ṣòfò lórí ìsọ̀kalẹ̀? Mo máa ń fi tèmi sí nútírà láti Ẹ̀fọ̀n títí dé ìsàlẹ̀ Ìtawúrẹ́, kò sì ṣe mí ní nǹkan kan rí. Ọ̀dà ló wà níbẹ̀, ọ̀nà sì fẹ̀.

Mẹkáníìkì_Iléṣà

Àbúrò, ọ̀nà ọlọ́dà tó fẹ̀ lo sọ. Ọ̀nà abà ni nọ́ọ̀sì ń bèèrè. Lójú ọ̀dà náà, n kò ní gbà fún ọ. Tí ìwọ bá wà ní nútírà, bíréèkì nìkan ló kù ọ́, àwọn tírélà tí bíréèkì wọn já lórí òkè náà kò sì ní bi ọ́ kí wọ́n tó kọjá. Epo tí o fi pamọ́ kéré gan-an. Nígbà tí o bá tú ọwọ́ iná sílẹ̀ pátá, ẹ̀rọ náà kì í mu ju ìwọ̀nba tó fi ń mí.

Ohun mìíràn tún wà tí ọ̀pọ̀ kì í rò. Lára ọ̀pọ̀lọpọ̀ alùpùpù kéékèèké tó wà lọ́jà wa, ẹ́ńjìnnì ló ń fún iná iwájú lágbára. Tí ẹ́ńjìnnì bá rọra ń yí, iná á di pípọ́n, á ṣókùnkùn. Tó bá kú, iná náà lè kú pẹ̀lú rẹ̀. Jíà kékeré máa ń jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì yí dáadáa, iná á sì mọ́lẹ̀. Ẹni tí ilẹ̀ bá ṣú mọ́ lórí òkè, jíà kejì ni fìtílà rẹ̀.

Ọmọ_Atakpamé

Ẹ kú ìjíròrò o. Láti Tógò ni mo ti ń kọ̀wé, ní Atakpamé, níbi tí àwa Ifẹ̀, ẹ̀yà kan tó bá Yorùbá tan, wà. Àwọn òkè wa náà kún fún kọ́nà, láti apá Badou tí wọ́n ti ń gbin kòkó àti kọfí, títí lọ dé Kpalimé àti òkè Agou tó ga tó 986 mítà, tí kò sí èyí tó ga tó o ní gbogbo Tógò. Àwọn zémìjàn, ìyẹn àwọn ọlọ́kadà wa, ni ó ń gbé èèyàn gùn ún.

Mo fẹ́ fi nǹkan kan kún ọ̀rọ̀ àgbà Ìdànrè. Òótọ́ ni pé kí ẹ fi ẹ́ńjìnnì dá a dúró, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ẹ́ńjìnnì ló rí bákan náà. Boxer kò ní wàhálà, ọ́ìlì tirẹ̀ wà nínú ikùn rẹ̀. Àwọn àtijọ́ tí ọ́ìlì ń bá epo wọlé, irú Suzuki AX100, tí o bá tú ọwọ́ iná sílẹ̀ lórí ìsọ̀kalẹ̀ gígùn, ọ́ìlì tó ń wọlé náà á kéré, nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń yí kíkankíkan. Ó lè há mọ́ ọ lẹ́sẹ̀. Ẹni tó bá ń gun irú èyí, kí ó máa fún un níná díẹ̀ lóòrèkóòrè bó ti ń sọ̀.

Epo tún ń kọ́? Níbí, inú ìgò ni wọ́n ti ń ta epo lẹ́bàá ọ̀nà, ní orílẹ̀-èdè Benin wọ́n ń pè é ní kpayo. Omi àti ìdọ̀tí máa ń wà nínú rẹ̀. Aṣọ mímọ́ ni mo máa ń fi sẹ́ ẹ. Ẹ má sì jẹ́ kí táǹkì dín sí ìdajì kí ẹ tó gun òkè, nítorí epo á sá sí ẹ̀gbẹ́ kan nínú táǹkì nígbà tí alùpùpù bá dagun, ẹ́ńjìnnì á kú bí ẹni pé epo ti tán.

Ọmọ_Ìkéré

Èmi rò pé afẹ́fẹ́ orí òkè ló ń jẹ́ kí Boxer nọ́ọ̀sì máa kérora, kí wọ́n yí jẹ́ẹ̀tì kábúrétọ̀ (ihò kékeré tí epo ń gbà kọjá) fún wọn. Wọ́n sọ fún mi pé bí ibi bá ga, ẹ́ńjìnnì kì í rí afẹ́fẹ́ tó.

Olùkọ́_Tó_Dé_Gembu

Ọ̀rẹ́ mi, òótọ́ ni ohun tí wọ́n sọ fún ọ, ṣùgbọ́n kì í ṣe ní Òkèmẹ̀sí. Mo ṣe iṣẹ́ olùkọ́ ní Gembu, lórí òkè Mambilla, ìpínlẹ̀ Tàràbà. Púpọ̀ nínú ilẹ̀ tó yí ìlú náà ká ga ju 1,500 mítà lọ. Níbẹ̀, alùpùpù máa ń rẹlẹ̀ lágbára, epo á pọ̀ jù fún afẹ́fẹ́ tó wà, plọ́ọ̀gì á dúdú. Àwọn tó ń gbé ibẹ̀ mọ bí wọ́n ti ń tún kábúrétọ̀ ṣe fún un. Òkè Ẹ̀fọ̀n kò sún mọ́ bẹ́ẹ̀ rárá. Tí Boxer bá ń kérora níbẹ̀, ẹ wo fílítà afẹ́fẹ́. Eruku ilẹ̀ pupa á ti dí i.

Ohun tí mo mú láti Mambilla ni ti kùrukùru. Ó máa ń sọ̀ lójijì, èèyàn kò ní rí orí alùpùpù ara rẹ̀ dáadáa. Àwọn ará ibẹ̀ kì í yára, wọ́n máa ń tẹ họ́ọ̀nù kí wọ́n tó wọ kọ́nà, wọ́n á sì tẹ́tí bóyá ẹlòmíì máa dáhùn. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ ní àárọ̀ Ẹ̀fọ̀n náà.

Ìyá_Oníkòkó

Ọmọ mi, ẹ kú àforítì. Obìnrin ni èmi náà, mo sì ti gun alùpùpù lọ sí oko láti ìgbà tí bàbá àwọn ọmọ mi ti ṣaláìsí. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí àwọn ọkùnrin wọ̀nyí fò.

Àkọ́kọ́ ni ẹrù. Àpótí tí ẹ gbé sí ìdí pátápátá yẹn, òun ló ń mú kí iwájú fẹ́ gbéra nígbà tí ẹ bá ń gun òkè. Ẹ fà á wá síwájú, kí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn yín lẹ́yìn, kí ó sì wà nílẹ̀ bó bá ti lè wà nílẹ̀ tó. Rọ́bà tí wọ́n gé lára túùbù àtijọ́ ni kí ẹ fi dè é, okùn lásán máa ń tú. Lórí ìgunkè ẹ tẹ̀ síwájú. Lórí ìsọ̀kalẹ̀ ẹ fi ìdí lé ẹ̀yìn, ẹ fi orúnkún méjèèjì há táǹkì mọ́ra, kí ọwọ́ yín má baà ru gbogbo ara yín. Bí ọwọ́ bá le gan-gan, òkúta kékeré kan á yí i mọ́ yín lọ́wọ́.

Èkejì, afárá onígi. Àwa àgbẹ̀ la ń ṣe é, igi méjì mẹ́ta tí wọ́n tò lórí odò, a mọ ibi tó ti ń jẹrà. Ẹ sọ̀kalẹ̀, ẹ fi ẹsẹ̀ rìn ín wò kí ẹ tó gbé alùpùpù lé e. Tí òjò bá ti rọ̀, ewé tó bọ́ sórí rẹ̀ á máa yọ̀. Ẹ jẹ́ kí ojú yín wà ní ìkejì odò, ẹ má wo táyà.

Ẹ sì bèèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń ti oko bọ̀. Ọ̀nà tó dára lánàá lè ti já lónìí. Ẹni tó bá pàdé yín lọ́nà á sọ fún yín bí odò bá kún.

Dẹ̀rẹ́bà_Àkókó

Ẹ ti gbàgbé ọ̀rọ̀ ààbò. Mo mọ̀ pé orí bíréèkì ni a wà, ṣùgbọ́n a kò lè dákẹ́ lórí eléyìí ní ayé ìsinsìnyí. Nọ́ọ̀sì, ẹ má dá lọ. Ẹ sọ fún olórí ilé ìwòsàn yín abà tí ẹ ń lọ àti ìgbà tí ẹ máa padà, kí ẹ sì sọ fún baálẹ̀ abà náà pé ẹ ń bọ̀. Ẹ wà nílé kí oòrùn tó wọ̀. Àwọn Àmọ̀tẹ́kùn, tí àwọn gómìnà ìpínlẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ìwọ̀-oòrùn gúúsù Nàìjíríà gbé kalẹ̀ ní 2020, mọ àwọn ọ̀nà inú igbó wọ̀nyí. Ẹ gba nọ́ńbà ẹni tó ń ṣọ́ àdúgbò yín. Láàárín òkè méjì nẹ́tíwọọ̀kì kì í sí. Ẹ kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀ lórí fóònù, tí ẹ bá dé orí òkè, ẹ fi ránṣẹ́, ó lè lọ nígbà tí ìpè kò ní wọlé.

Nọ́ọ̀sì_Abúlé

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ìyá àti ẹ̀yin ará. Mo ti lo jíà kejì ní ìsọ̀kalẹ̀ kan lẹ́yìn abà, òórùn yẹn kò wáyé. Mo fi ìka méjì kan ti iwájú, ẹ̀rù ṣì ń bà mí díẹ̀.

Ìbéèrè méjì ló kù. Tí ẹ́ńjìnnì bá kú mọ́ mi lọ́wọ́ láàárín ìgunkè, báwo ni kí n ṣe é kó má baà yí padà sẹ́yìn pẹ̀lú mi? Èkejì, òjò ti rọ̀ lẹ́ẹ̀kan, ilẹ̀ pupa lẹ̀ mọ́ táyà iwájú títí tí kò fi yí mọ́.

Àgbà_Ìdànrè

Tó bá kú lórí ìgunkè, ẹ má fún kílọ́ọ̀ṣì. Ẹ jẹ́ kí ó wà nínú jíà, ẹ́ńjìnnì tó kú náà á di táyà mú. Ẹ fa bíréèkì iwájú, gbogbo rẹ̀ ni kí ẹ fà lọ́tẹ̀ yìí. (Mẹkáníìkì, mo ti rí i pé ìwọ ló ni òtítọ́ lórí ìyẹn, ó kéré tán ní ìgbà tí kò bá rìn.) Ẹ sọ̀kalẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ òkè. Ẹ má sọ̀kalẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ìsàlẹ̀, nítorí tó bá wó, orí yín ló máa wó lé. Lẹ́yìn náà, ẹ máa yí i díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi dábùú ọ̀nà. Ibẹ̀ ló ti máa dúró. Tó bá ṣeé ṣe, ẹ padà sí ìsàlẹ̀ kí ẹ tún gùn ún láti ibi tó tẹ́jú. Tó bá sì ń fà yín ju agbára yín lọ, ẹ fi sílẹ̀ kó ṣubú. Irin lèèyàn ń rà.

Mẹkáníìkì_Iléṣà

Bàbá, ẹ ṣeun.

Ti ẹrẹ̀: ẹ wo irin tó bo táyà iwájú, ó sún mọ́ táyà jù. Ẹrẹ̀ máa ń dì sí àárín wọn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi bóòtì gígùn gbé e sókè fún yín, èyí tí ìka mẹ́ta máa wọ àárín rẹ̀. Àwọn kan máa ń yọ ọ́ kúrò pátá, ṣùgbọ́n ẹrẹ̀ á máa fò sí yín lójú. Òjò àkọ́rọ̀ sì ni kí ẹ ṣọ́ra fún jù. Eruku tó ti kó jọ láti ọ̀gbẹlẹ̀ á di ọ̀rá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lórí ilẹ̀ líle tí kò tíì rin. Tó bá ti rọ̀ fún ọjọ́ bíi mélòó kan, òkúta á hàn síta, táyà á tún rí nǹkan dì mú.

Tí ẹ bá la odò kọjá, bíréèkì kò ní mú. Ẹ máa tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ bí ẹ ti ń lọ lórí pẹrẹsẹ títí omi á fi gbẹ lára ṣúù, kí ẹ tó dé ìsọ̀kalẹ̀.

Ẹ sì ra wáyà kílọ́ọ̀ṣì tuntun kan, kí wọ́n tò ó lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tó wà lára rẹ̀, kí wọ́n dè é mọ́ ọn. Tí ti àkọ́kọ́ bá já nínú igbó, ẹ kàn máa fi èkejì kọ́ ni. Ẹ mú túùbù kan, pọ́ǹpù, plọ́ọ̀gì àti lọ́ọ̀kù ṣéènì, èyí tó ń so ẹnu ṣéènì pọ̀.

Ẹ̀gbọ́n_Ìlera

Àbúrò mi nọ́ọ̀sì, iṣẹ́ kan náà la jọ ń ṣe, nítorí náà n óò fi ti àpótí kún un. Ooru nìkan kọ́ ni ọ̀tá abẹ́rẹ́. Láàárín ìwọ̀n 2 sí 8 ti Celsius ni kó wà, tí àwọn kan nínú wọn, bíi pentavalent (abẹ́rẹ́ tó ń gbógun ti àrùn márùn-ún), bá sì dì, wọ́n ti bàjẹ́ nìyẹn. Ẹ má gbé áìsì pákì (ike omi dídì) sínú àpótí bó ti jáde láti inú fírísà. Ẹ fi sílẹ̀ títí ẹ óò fi mì í tí ẹ óò gbọ́ omi nínú rẹ̀. Lórí òkúta báyìí, ẹ fi fóòmù há àárín ìgò kí wọ́n má máa lu ara wọn. Ẹ má sì torí pé àsìkò ń lọ fi eré sọ òkè. Àpótí tó dára tí ẹ kò bá ṣí ní gbogbo ìgbà á di òtútù mú ju ìrìn yín lọ.

Nọ́ọ̀sì_Abúlé

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun, n óò ṣe bẹ́ẹ̀. Mẹkáníìkì, táyà ẹ̀yìn mi ti ń dán, wọ́n sì ní àwọn máa fún mi ní tuntun. Ṣé kí n ní kí wọ́n fún mi ní èyí tó ní eyín gbàǹgbà? Kí n sì dín afẹ́fẹ́ kù bí àwọn kan ti ń sọ?

Mẹkáníìkì_Iléṣà

Eyín gbàǹgbà dára fún ẹrẹ̀, ṣùgbọ́n ìrìn yín ní ọ̀dà nínú pẹ̀lú, á máa gbọ̀n, á sì tètè jẹ. Ẹ gba èyí tí eyín rẹ̀ wà ní àárín méjèèjì. Ti afẹ́fẹ́, ẹ má dín in kù púpọ̀. Túùbù ló wà nínú rẹ̀. Tí afẹ́fẹ́ bá kéré tí ẹrù sì wà lẹ́yìn, táyà á máa yí kúrò lójú ríìmù rẹ̀, á fa ẹnu túùbù já. Iye tí wọ́n kọ sínú ìwé alùpùpù náà ni kí ẹ máa lò, kí ẹ sì wọ̀n ọ́n ní àárọ̀ kí táyà tó gbóná. Tí fọ́kánáísà bá ń de táyà tuntun náà, ẹ wo ọfà tí wọ́n yà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ibi tí ọfà kọjú sí ni kó máa yí sí. Tí ó bá dè é sódì, ẹ ní kó tú u kí ẹ tó san owó.